Ilé Ọ̀fọ̀ Ni Mo Pe Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Mo rántí ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń mú, òun fúnra rẹ̀ sì wà ní Èbúté Èrò níbi tó ti ń wọn ẹ̀wà fún oníbàárà, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èmi wà lẹ́nu géètì ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo dúró ṣánṣán níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì, mo sì sọ fún wọn pé ó ti kú. Wọ́n bá mi kẹ́dùn. Wọ́n gbàdúrà fún un. Mo ṣe àmín. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá òmùgọ̀ tó ti dàgbà, tó ní irùngbọ̀n funfun, tó sì ti kírun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó má wulẹ̀ rin ìrìn àjò, èmi nìyí.

Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ilé ẹbí ni ilé wa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí bàbá tó bí bàbá wa kọ́. Àwọn ẹbí tó kù ti kó lọ sí Agége, sí Ìkòròdú, sí ibi tí atẹ́gùn gbé ń fẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ṣẹ́ kù síbẹ̀. Òun ni olórí ilé, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ṣẹ. Èmi ní tèmi, mo ṣe mẹ́sẹ́ńjà fún lọ́yà kan ní Igbosere títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹsẹ̀ kan péré ni mo fi tẹ sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n mo ti gbé fáìlì lọ gbé fáìlì bọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé òfin ti ràn mí, bí òórùn ẹja ṣe máa ń ran ẹni tó bá gbé agbọ̀n rẹ̀ sórí. Ohun kan ṣoṣo tí iṣẹ́ yẹn kọ́ mi ní tòótọ́ ni ìbẹ̀rù fáìlì. Mo rí ilé tó wọ inú fáìlì ní Igbosere tí kò jáde mọ́; àwọn tó ni ilé náà hu ewú sórí bẹ́ǹṣì kóòtù. Mo wá gbà lọ́kàn ara mi pé bí ìjọba ò bá tíì mọ orúkọ ilé rẹ, o ṣì lè di ojú méjèèjì sùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin tó ń pè mí ní Bọ̀dá láti kékeré, ló wá da oorun mi rú. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa aṣọ ní pólì, ó bá àwọn ẹlòmíràn kọ́ni fún ìgbà pípẹ́, ó wá padà sílé wá bẹ ìyá rẹ̀ pé kó fún òun ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí òun fi dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí ọmọ á wọlé, tí yóò máa ra oúnjẹ fún ọ̀gá, tí wọ́n á sì ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún un níkẹyìn. Ilé ẹ̀kọ́ gidi ni, fún àwọn tó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń ya aṣọ sórí ìwé àti sórí kọ̀ǹpútà, bí a ṣe ń gé e, bí a ṣe ń rán an, bí a ṣe ń tà á, wọ́n á sì gba dìpúlómà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dára. Ó fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí olórí ilé pé kí wọ́n lo ibẹ̀. Èmi kàn ń mí kanlẹ̀ káàkiri ilé, kí wọ́n lè bi mí ohun tó ń ṣe mí. Wọn ò bi mí.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn ò lè dédé gbé pátákó kọ́ kó ní òun ń fúnni ní dìpúlómà. Ẹ̀ka ìjọba kan wà tó ń bójú tó irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á forúkọ rẹ sílẹ̀, wọ́n á wá wo ilé, wọ́n á wo ẹ̀rọ, wọ́n á wo àwọn olùkọ́, wọ́n á wo ilé ìyàgbẹ́, wọ́n á wo ibi tí àwọn ọmọ máa gbà sá jáde bí iná bá sọ. Bí wọn ò bá tíì fọwọ́ sí i, tó bá wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ṣéènì ti ibẹ̀ pa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ta mọ́tò rẹ̀ fi ra ẹ̀rọ. Ó ti gba àwọn ọmọbìnrin mélòó kan fún kíláàsì ìmúrasílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé ìwé àṣẹ á ti jáde kí sáà tuntun tó wọlé. Obìnrin kan tó ń ta léèsì ní Ìdúmàgbò, tí ọmọ tirẹ̀ mọ aṣọ gé ju gbogbo wọn lọ, ti wá kìlọ̀ fún un lójú mi.

"Àǹtí," ó ní, "mo fẹ́ràn yín, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ọmọ mi gba ìwé tí wọ́n máa fi wé àkàrà. Bí ìjọba ò bá tíì fọwọ́ sí i kí sáà tó wọlé, màá mú un lọ síbòmíràn."

Gbogbo wa mọ̀ pé bí ìyẹn bá lọ, àwọn tó kù á tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe di ẹni tó ń wo fóònù rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná.

Ẹ wá gbọ́ ti ọ̀dà pupa. Ládùúgbò wa, ọ̀dà pupa ń bà wá lẹ́rù ju olè lọ. Ilé wa ti gbó, ti àwọn aládùúgbò náà ti gbó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á dé pẹ̀lú tépù tí wọ́n fi ń wọn ilé, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á mirí, wọ́n á sì fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Tó bá yá, katapílà á dé. Ilé tó wà lẹ́yìn wa lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilé tó kọjú sí tiwa, òkú bàbá àgbàlagbà kan ló wà nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó. Àwọn ọkùnrin náà ṣí fìlà, wọ́n kí ẹbí, wọ́n sì lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún gba àdúgbò wa kọjá. Mo rí ìyẹn pẹ̀lú ojú ara mi, mo sì kó o sórí bí ẹni tó ka òfin: ìjọba kì í fọwọ́ kan ilé ọ̀fọ̀.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Bọ̀dá, àwọn ìjọba á wá wo ilé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Bí mi ò bá sí ńlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wọn gòkè, kí ẹ sì pè mí." Bọ́ọ̀lù ni mò ń gbọ́ lórí rédíò nígbà náà, mo kàn mi orí pé mo ti gbọ́. Ẹni tí mo ń retí nínú ọkàn mi ni ẹnì kan bíi tíṣà, tó máa wọ awò ojú, tó máa gbé báàgì ìwé, tó sì máa kí mi dáadáa kó tó bèèrè ohunkóhun.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dé, ọmọ náà ti lọ sí Ìdúmàgbò lọ ra òwú àti síìpù. Mọ́tò tó ní nọ́ńbà ìjọba dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, kò kí mi, ó fa tépù yọ nínú àpò, ó wọn fífẹ̀ géètì wa. Ó gbójú sókè, ó wo òrùlé. Ó mirí. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ kejì, mo ń wá ọ̀dà pupa níbẹ̀. Obìnrin kan tó wé híjáábù aláwọ̀ ewé bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé e, fáìlì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Fáìlì àti tépù lọ́jọ́ kan náà.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá," obìnrin náà ní. "Ṣé ibí ni..."

Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Ilé ọ̀fọ̀ ni ibí," mo ní. "Ẹ dákun, ẹ fi ojú àánú wò wá."

Obìnrin náà fà sẹ́yìn. "Ìnnà lílláhi wa ìnnà iléehi rájíúnà. Ta ló ṣaláìsí, Bàbá?"

Ẹ ò rí i, mi ò tíì ronú dé ibẹ̀. Mo ti gbé ọ̀fọ̀ kalẹ̀, mi ò tíì wá òkú sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ẹ̀gbọ́n mi ti bú mi nítorí pé mo gbé kẹ́tù kaná tí mo sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi jó. Èébú náà ṣì wà létí mi, òun ló sì sún mọ́ ẹnu mi jù. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin," mo ní.

"Olórí ilé yìí náà?"

"Òun náà ni."

Ojú rẹ̀ yí padà gidi. Ó ṣí fáìlì, ó wo nǹkan kan níbẹ̀, ó sì tún un pa. Bí a ṣe dúró síbẹ̀ náà, àwọn ọmọbìnrin tó wà lókè tẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo sọ, ọ̀kan nínú wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbójú sókè. "Bàbá, kí ni wọ́n ń ṣe lókè yẹn?"

"Ìborùn tí a máa lò fún fídáù ni wọ́n ń rán."

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Ìbànújẹ́ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀," mo ní.

"Fi Bàbá sílẹ̀ jàre," obìnrin náà sọ fún un. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní kí Ọlọ́hun forí ẹ̀ṣẹ̀ jin ẹ̀gbọ́n mi, mo ní àmín. Ó ní kí Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè rẹ̀, mo ní àmín. Ó ní kí Ó fẹ sàréè náà fún un, mo ṣì ní àmín, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin onítépù yẹn ń wo ẹnu mi. Obìnrin náà ní kí a mọ́kàn le, pé àwọn á padà wá bí a bá ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ tán. Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ. Kò sí ọ̀dà pupa kankan lára ògiri wa. Mo wo ògiri náà títí, mo sì gba ara mi lọ́gàá. Mo ra mọ́ọ̀tì tútù kan fún ara mi, mo jókòó mu ún bí ẹni tó gba ìlú sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi dé láti ọjà. Ó jókòó, ó wúkọ́. Eruku ẹ̀wà ni, ojoojúmọ́ ló máa ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo fò dìde.

"Kí ló dé?" ó ní.

"Kò sí nǹkan kan, Àǹtí mi. Ṣé ẹ ti mu omi?"

Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Àmín tí mo ṣe ń ké létí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi ìwẹ̀ fún un, mo ń ra ọsàn bọ̀, mo ń bá a gbé igbá ẹ̀wà dé ìgboro. Bó bá pẹ́ lójú oorun ọ̀sán, màá lọ dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn kí n gbọ́ bóyá ó ń mí. Lọ́jọ́ kan, ó la ojú, ó bá mi níbẹ̀ tí mo na ọrùn.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ó ní, "kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan o."

"O ti ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ ọ́ kí o tó mọ ara rẹ. Tó o bá ti ṣetán, wá sọ ọ́."

Mi ò ṣetán. Ọmọ rẹ̀ náà sì ń jẹ ìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ti bi mí lọ́jọ́ tó dé láti Ìdúmàgbò bóyá ẹnikẹ́ni wá, mo ní àwọn awólé ọlọ́dà pupa kan wá, mo sì ti lé wọn. Ó ní mo ṣeun. Ó tún padà sórí fóònù rẹ̀. Ó ń gbá òkè mọ́ láàárọ̀, ó ń gbá a mọ́ lálẹ́, ó ń to àwọn ẹ̀rọ, ó ń tún wọn tò. Ìyá tó ń ta léèsì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Níkẹyìn, kò lè dúró mọ́, ó pe ọ́fíìsì wọn. Mo wà lórí àga mi nísàlẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ mọ́. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Kò dúró títí ó fi dé iwájú mi.

"Bọ̀dá," ó ní, "ta ló kú nílé wa?"

Mo wò ó. Mo dìde kúrò lórí àga.

"Wọ́n ní àwọn ti wá. Obìnrin tó gbé fóònù ní kí n mọ́kàn le, pé òun gbọ́ pé olórí ilé wa ti lọ. Bọ̀dá, ìyá mi ni olórí ilé."

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ tépù, mo sọ ti ọ̀dà pupa, mo sọ ti ilé iwájú. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ọwọ́ lé orí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ kó bú mi.

"Ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?" ó ní. "Ìyá mi ló fọwọ́ sí i pé kí n lo ilé. Ìwé yẹn wà nínú fáìlì wọn. Òkú ò lè fún èèyàn ní ilé lò. Wọ́n ti ní kí n lọ gba ìfọwọ́sí gbogbo ẹbí, ti Agége, ti Ìkòròdú, gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ìgbà wo ni wọ́n máa fẹnu kò? Sáà á ti wọlé, á tún ti jáde."

"A ò kúkú ní ṣe bẹ́ẹ̀. A máa sọ fún wọn pé kò kú ni."

"Kí wọ́n wá bi mí pé kí ló dé tí ilé ẹ̀kọ́ mi fi ń purọ́ ikú fún ìjọba? Bí mo bá ní ọmọ kan mọṣẹ́, ó yẹ kí èèyàn lè gbà mí gbọ́, Bọ̀dá. Ìwé ẹ̀rí ni mo fẹ́ máa fúnni. Ta ló máa gba ẹ̀rí mi gbọ́?"

Mo ní èmi tí mo ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ló máa lọ tún un ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo wọ aṣọ tí mo ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀ọ̀, mo de fìlà, mo forí lé ọ́fíìsì àwọn ìjọba náà. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro fún mi. Mo gba Igbosere kọjá, níbi tí mo ti gbé fáìlì jẹun. Mo ń sọ ohun tí mo máa sọ fún ara mi bí mo ṣe ń lọ, ó sì ń dún dáadáa. Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Fáìlì wà lórí tábìlì, fáìlì wà nílẹ̀, fáìlì dé ẹ̀gbẹ́ àjà. Ọmọbìnrin tó wà níwájú bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Bàbá, ta lẹ wá rí?"

"Mo kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni," mo ní. "Oòrùn pọ̀ níta."

Ó fún mi ní omi inú ọ̀rá. Mo mu ún, mo dúpẹ́, mo padà sílé. Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò bá ẹni tí mo fẹ́ rí. Ó wo fìlà mi, ó wo ojú mi, kò bèèrè ohunkóhun mọ́. Mo rò pé ìgbà yẹn ló jẹ́ pé ojú tì mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa padà wá pé. Mo tètè lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ọjà máa dáa lónìí, kó tètè máa lọ. Ó ní orúnkún ń dun òun, òun ò lọ síbì kankan. Mo ní kó lọ sinmi ní yàrá. Ó ní atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà ni òun fẹ́. Ó gbé àpótí sẹ́nu géètì gan-an, ó gbé ọpọ́n ẹ̀wà lé ẹsẹ̀, ó ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gba ibẹ̀ kọjá tí kò ní rí i. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lókè, ọmọ rẹ̀ ti wọṣọ dáadáa, àwọn ọmọbìnrin ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni ò tẹ ẹsẹ̀ sí i.

Mọ́tò dé. Obìnrin híjáábù bọ́ sílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin onítépù tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí búrẹ́dì àti ọsàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn náà ra nǹkan wá bá wa kẹ́dùn. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ kú ìdúró ti ẹbí. Ọlọ́hun á tẹ́ òkú sáfẹ́fẹ́ rere."

"Àmín o, ọmọ mi," ẹ̀gbọ́n mi ní. Ó ju òkúta kan sílẹ̀. "Ta ló kú?"

"Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, Mà. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin."

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣa òkúta mìíràn. Lẹ́yìn náà ó yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin," ó ní. "Èmi nìkan ló ní."

Obìnrin náà dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ṣí fáìlì, ó ka orúkọ kan jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ò mọ ibi tó máa gbé búrẹ́dì sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò tò: tépù, ọ̀dà, katapílà, ilé iwájú. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi bí ohùn ẹni tí wọ́n ká mọ́ orí igi ọlọ́sàn.

"Bàbá," obìnrin náà ní, ohùn rẹ̀ kò sì dùn mọ́, "orúkọ yìí ni mo fi gbàdúrà fún òkú ní mọ́sálásí ní Jímọ̀ọ̀. Mo ní kí àwọn èèyàn bá mi ṣe àmín. Orúkọ ẹni tó wà láyé."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kúnlẹ̀. "Mo mọ̀, Mà. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo pè yín. Ó yẹ kí n sọ fún yín nígbà náà, àyà mi ló já. Kì í ṣe Bọ̀dá nìkan."

"Ìyẹn ló burú jù," obìnrin náà ní. Ó ti fáìlì pa. "Èmi ò lè kọ ohun tí mi ò rí. Wọ́n sọ fún mi lẹ́nu géètì yìí pé ilé ọ̀fọ̀ ni. Ohun tí màá kọ nìyẹn, pé a ò bá ilé ẹ̀kọ́ níbí. Bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó kọjú sí mọ́tò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan. Kí n tó sọ ohun tó sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó já sí, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Wọ́n gòkè lọ́jọ́ náà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Tépù yẹn, ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ máa gbà sá jáde bí iná bá sọ ni wọ́n fi ń wọ̀n. Wọ́n ní kí a tún àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ṣe, a tún un ṣe. Wọ́n ní kí a fi ẹlòmíràn sẹ́nu géètì láti máa gba àlejò, ẹni tó bá ṣáà ti lè sọ òtítọ́ fún àjèjì, kí ó má sì jẹ́ èmi. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìwé àṣẹ jáde kí sáà tó wọlé, ó wà nínú férémù lókè, ọmọ obìnrin oníléèsì náà sì ti di ẹni tó ń kọ́ àwọn mìíràn ní aṣọ gígé níbẹ̀ báyìí.

Láàárọ̀, àga mi ti kúrò lẹ́nu géètì, abẹ́ àtẹ̀gùn ni mò ń jókòó sí. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ, mò ń gbọ́ ẹ̀rín. Orúkọ ilé wa wà nínú fáìlì ìjọba, mo sì ń sùn. Nígbà mìíràn mo máa ń ronú sí gbogbo ọdún tí mo fi ṣọ́ ilé yìí, tí mo rò pé èmi ni mò ń dáàbò bò ó, tó sì jẹ́ pé ìbẹ̀rù ara mi ni mò ń fún ní oúnjẹ lójoojúmọ́, tó sanra, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń dá àlejò padà. Mi ò lè sọ pé ó ti lọ tán. Bí mọ́tò ìjọba bá kọjá, mo ṣì máa ń wo ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi wà láyé, ara rẹ̀ le, ó ń lọ sí Èbúté Èrò. Bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ tí mo bá ń fa ẹsẹ̀, á ní òkú ló ń rán mi. Kíá ni mo máa ń dìde.

Lọ́jọ́ náà ṣá, kò dìde lórí àpótí. Ó kàn gbé ọpọ́n ẹ̀wà kúrò lórí ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ kan fa àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà lè ṣí, ó sì pe obìnrin náà kó tó dé ìdí mọ́tò.

"Ọmọ mi," ó ní, "àdúrà tí ẹ gbà fún mi yẹn, mo gbà á, mi ò dá a padà. Màá lò ó lọ́jọ́ tó bá tó àsìkò. Àbúrò mi ló purọ́, ìbẹ̀rù ló mú un. Àwọn ọmọ tó ń ránṣọ lókè yẹn ò purọ́ fún yín. Ẹ gòkè lọ fi ojú yín wò wọ́n lónìí yìí. Torí bí ẹ bá tún lọ kí ẹ tó padà wá, mi ò mọ ẹni tí ọkùnrin yìí tún máa pa."